Ọdẹ́lẹ́yẹ àti Àwọn Èrò Ọkọ̀ Ìgbafẹ́ nínú Igbó Wò-mí-kí-n-wò-ọ́

Ẹ fa àpótí yín súnmọ́ mi, ẹ̀yin ènìyàn mi. Kí ẹni tó ń jẹ ẹ̀pà yára jẹ ẹ́ tán, nítorí ìtàn tí mo gbé wá kò fẹ́ ariwo eyín. Ó pẹ́ tí mo ti kúrò ní etí òkun tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀. Omi tí mo ń mu níbi tí mo wà kò rántí iyọ̀, atẹ́gùn ibẹ̀ kò sì mọ orúkọ bàbá mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá di ojú, mo ṣì ń rí Igbó Wò-mí-kí-n-wò-ọ́ bó ṣe dúró lẹ́yìn ìlú Ebúté-Iyọ̀, tó dúdú bí ìdí ìkòkò, tí ìkùukùu ń ti orí rẹ̀ jáde bí èéfín orí àdògán.

Ọdẹ kan wà ní ìlú náà tí ń jẹ́ Ọdẹ́lẹ́yẹ. Ẹ má fi í wé àwọn ọdẹ ìsinsìnyí, àwọn tó jẹ́ pé bí ẹ̀ka bá ṣẹ́ lẹ́yìn wọn, orúkọ ìyàwó ni wọ́n ń pè. Ọdẹ́lẹ́yẹ a máa rí ẹranko kí ẹranko tó pinnu pé òun yóò jáde nínú ihò. Ó ti bá iwin ẹlẹ́sẹ̀ kan du ìjókòó lórí kùkùté rí, òun ló sì jókòó. Òun fúnra rẹ̀ ni í máa sọ fún àwọn ará ìlú pé ìyá òun kọ́kọ́ bí ojú òun, ó sinmi, ó wá bí ara yòókù lọ́jọ́ kejì. Wọn a rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó jẹ́ bá a jiyàn, nítorí ìkòkò ọbẹ̀ wọn ń jẹ́rìí sí i.

Ohun kan ṣoṣo ni ojú náà ń wá tí kò rí. Ó bí ọmọbìnrin kan, Ọdẹ́bùnmi, kò sì bí òmíràn. Nígbà tí ìyá ọmọ náà kú, ọmọ náà wo ilé, ó wo igbó, ó ní òun kò lè máa gbé láàárín méjèèjì, ó sì bá ọkọ̀ ojú omi lọ. Ìdáná ló ń ṣe níbẹ̀. Ọdẹ́lẹ́yẹ kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ìgbàkígbà tí ọkọ̀ bá ń kọjá lójú òkun, yóò fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, yóò dìde dúró títí ọkọ̀ náà yóò fi wọ inú ọ̀run lọ.

Ní ọjọ́ kan, ọkọ̀ ìgbafẹ́ kan yà sí Ebúté-Iyọ̀. Ó funfun bí ẹyin adìẹ, ilé lórí ilé ni, orin ń dún nínú rẹ̀ láti òkè dé ìdí. Àwọn tó wà nínú rẹ̀ kò lọ rà, wọn kò lọ tà. Òkun ni wọ́n ń yí po, wọ́n ń wo ayé. Wọ́n ti wo òkè tó ń tu iná, wọ́n ti wo ilẹ̀ tí omi rẹ̀ dì bí òkúta, wọ́n wá ní ẹranko igbó ló kù. Àwọn aláṣẹ ọkọ̀ ránṣẹ́ sí Ọdẹ́lẹ́yẹ pé kí ó mú àwọn èrò wọ igbó láàárọ̀, kí ó mú wọn jáde kí oòrùn tó wọ̀, nítorí bí ọkọ̀ bá fọn fèrè ìrọ̀lẹ́, yóò ṣí ni, kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Wọ́n sì ní kò gbọdọ̀ mú ìbọn lọ́wọ́, kí ó má baà dẹ́rù ba àwọn àlejò.

Ọdẹ́lẹ́yẹ kọ̀. Ó ní ọdẹ tí kò mú ìbọn wọ igbó, ẹran ló lọ ṣe. Ọ̀rọ̀ náà kò tíì kúrò lẹ́nu rẹ̀ tí Oríyọmí fi gúnlẹ̀. Oríyọmí yìí ni ọlọ́kọ̀ kékeré tí ń kó àwọn èrò láti ara ọkọ̀ ńlá wá sí èbúté, ẹnu rẹ̀ sì mú ju egungun ẹja lọ. Ó nawọ́ sí ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀, ó ní, "Bàbá ọdẹ, ẹran kan rèé tó sá fún yín tó tún fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ padà."

Ọdẹ́bùnmi ni. Wọ́n rán an pé kó ru apẹ̀rẹ̀ oúnjẹ tẹ̀lé àwọn èrò. Ó kúnlẹ̀ nínú iyanrìn, ó kí bàbá rẹ̀, bàbá dá a lóhùn. Lójú ẹsẹ̀ ni Ọdẹ́lẹ́yẹ ní òun gbà, òun yóò mú wọn lọ, kí wọ́n má tilẹ̀ san kọ́bọ̀. Ohun tó ń rò ni pé bí ọmọ náà bá tún gbóòórùn igbó tí òun fi tọ́ ọ, kò ní lè padà sínú ọkọ̀ mọ́. Nítorí èyí nìkan ló ṣe rin ìrìn-àjò náà. Àwọn èrò ń wá ẹranko. Òun ń wá ọmọ rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ kò ṣọdẹ rí, ẹ jẹ́ kí n là yín lóye. Ọdẹ kì í wọ Igbó Wò-mí-kí-n-wò-ọ́ bí ẹni ń wọ yàrá ìyàwó rẹ̀. Ní ẹnu igbó, yóò já ewé, yóò fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, yóò sì bá igbó dá májẹ̀mú. Bàbá Ọdẹ́lẹ́yẹ dá a, bàbá bàbá rẹ̀ dá a, òun náà ti dá a títí ó fi di ohun tí ẹnu ń sọ láì béèrè lọ́wọ́ ọkàn. Bí wọ́n ti dé ẹnu igbó lọ́jọ́ náà, ó já ewé, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó ní:

"Igbó, a dé. Ohun tí a bá kọ́kọ́ rí, tiwa ni. Ohun tó bá kọ́kọ́ rí wa, tirẹ̀ ni wá."

Ọdẹ́bùnmi, tó ti ń gbọ́ ọ láti kékeré, ní, "Àṣẹ." Àwọn èrò rò pé ara ìgbafẹ́ ni, gbogbo wọn ní, "Àṣẹ," wọ́n sì pàtẹ́wọ́.

Ẹ ò rí nǹkan? Májẹ̀mú ọdẹ ni, ti ẹni tí ojú rẹ̀ ń ṣáájú ojú ẹran. Ṣùgbọ́n àwọn tó kó lẹ́yìn yìí, bí erin bá sùn dí wọn lọ́nà, ìgbà tí wọ́n bá kọsẹ̀ lára rẹ̀ ni wọn yóò mọ̀. Wọ́n ti wọnú igbó díẹ̀ kí Ọdẹ́lẹ́yẹ tó mọ ohun tí ẹnu rẹ̀ ṣe. Ara rẹ̀ bù máṣọ. Ó yẹ kó dá gbogbo wọn padà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó gbọ́ lẹ́yìn rẹ̀ tí Ọdẹ́bùnmi ń rọra kọ orin kan tí ìyá rẹ̀ máa ń kọ bó bá ń fọ ìkòkò, ó sì sọ fún ara rẹ̀ pé bóyá igbó kò gbọ́. Ó ń lọ.

Igbó gbọ́. Kí ló tún ń ṣe ju kó máa gbọ́ lọ?

Àrìnjìnnà ní í rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n àwọn èrò wọ̀nyí rìn títí, ewé ni wọ́n ń rí. Ọkùnrin kan wà láàárín wọn, Olóyè Gbádégẹ̀ṣin, tí ikùn rẹ̀ ń dé ibi tó ń lọ ṣáájú rẹ̀. Ó so awò onígò méjì mọ́ ọrùn, èyí tí ń fa ohun tó jìnnà mọ́ ojú. Inú ń bí i. Ó ní ṣé nítorí ewé ni wọ́n ṣe jí òun lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ní bí Ọdẹ́lẹ́yẹ bá jẹ́ ọdẹ lóòótọ́, kó pe ẹranko jáde bí ẹni pe adìẹ. Ó gbé awò sójú, ó ń wo òkè igi tó jìnnà réré. Ibi tó ti ń wòkè ni òkété kan ti yọ orí nínú ihò lẹ́bàá bàtà rẹ̀.

Òkété náà wò ó láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ó ní, "Mo rí i. Tèmi ni."

Ó fi eyín mú ṣòkòtò Olóyè, ó fà á lulẹ̀, ó wá mú un lórí, ó fà á wọ ihò. Orí wọlé, èjìká wọlé, ikùn há. Òkété pe àwọn ará ilé rẹ̀, wọ́n jáde, wọ́n yẹ ikùn náà wò, wọ́n jíròrò bí ẹni fẹ́ gbé àpótí gba ojú fèrèsé. Ọ̀kan ní kí wọ́n gbẹ́ ihò kó fẹ̀. Àgbà wọn ní rárá, ilé bàbá àwọn ni, kì í ṣe nítorí ẹrú ni àwọn yóò ṣe fọ́ ọ. Kí wọ́n tẹ Olóyè kó bá ihò mu. Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ohun tí gbogbo wọn gbọ́, ẹ má jẹ́ kí n fi ẹnu mi sọ ọ́ níwájú àwọn ọmọdé.

Obìnrin kan tí kámẹ́rà kò kúrò lójú rẹ̀ láti àárọ̀ ya àwòrán bàtà Olóyè bó ṣe ń ta ràpà lẹ́nu ihò, ó sì rẹ́rìn-ín, nítorí ó rò pé àwọn onílé ló ṣètò rẹ̀ láti fi dá àwọn lára yá. Ẹ̀rín náà wà lẹ́nu rẹ̀ tí ẹdun kan fi na ọwọ́ láti òkè, ó gbé e nídìí apá bí ẹni ká ọsàn. Nígbà yẹn ni àwọn yòókù tú ká. Ẹni tó sá sápá ọ̀tún, ìmàdò ti rí i. Ẹni tó sá sápá òsì, òòrẹ̀ ti rí i. Ẹni tó dùbúlẹ̀ tó di ojú, ìgbín rí i, ìgbín sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà á lọ sílé rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó lè jẹ́ pé ó ṣì ń fà á lọ́wọ́lọ́wọ́ báyìí. Ohun tí ojú ń wá lojú ń rí.

Ọdẹ́lẹ́yẹ bọ́ gbérí ọdẹ tó wọ̀, ó fi bo ọmọ rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀, ó gbá a mọ́ra. Ẹtu kan rọra jáde láti inú igbó ṣúúrú, abo ni, ó ti dàgbà, etí rẹ̀ kan ya. Ọta ìbọn ló ya á.

Ó ní, "Ọdẹ́lẹ́yẹ, o pẹ́. Láti ẹnu igbó, nígbà tó ń ṣe àṣẹ, ni mo ti rí i."

Gbérí náà rọ̀ lọ́wọ́ Ọdẹ́lẹ́yẹ. Kò sí ẹnìkan nínú rẹ̀ mọ́.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọkùnrin mìíràn ì bá jókòó kó máa sunkún. Ọdẹ́lẹ́yẹ tẹ̀lé ipa ẹsẹ̀ ẹtu. Ó dé ibi tí odò ìjàlọ gbà kọjá, odò tí kò ní omi, kìkì ìjàlọ tó ń ṣàn láti ìlà oòrùn dé ìwọ̀ rẹ̀. Ìjàlọ ní kí ó san owó ibodè. Ó ní òun kò mú nǹkan lọ́wọ́. Wọ́n ní ṣebí ó mú ara wá. Ó wọnú wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bu tirẹ̀, kò sì sí èyí tó bu ẹ̀ẹ̀mejì, nítorí olóòótọ́ ni wọ́n. Nígbà tó gòkè, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní awọ mọ́, ó dà bí ẹran tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bó. Síbẹ̀ ó ń rìn. Ìwọ tí o jókòó lọ́hùn-ún, tí ẹ̀gún kan gún lánàá tí o kò lè lọ sóko, ṣé o ń gbọ́?

Ó wá dé Ìlú Awòran. Ní ìlú náà, ẹranko ló ń rìn gbẹ̀fẹ́ lójú títì, ènìyàn ló wà lórí pẹpẹ. Odídẹrẹ́ ni amọ̀nà wọn. Ó ń fò láti pẹpẹ dé pẹpẹ, ó ń ṣàlàyé, àwọn òǹwòran ń jẹ ekùrọ́, wọ́n ń ju èèpo rẹ̀ lu àwọn tí wọ́n wá wò. Obìnrin oníkámẹ́rà wà níbẹ̀, ẹdun ń ṣa iná orí rẹ̀, kò sì sí kòkòrò kankan níbẹ̀. Ọkùnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń pariwo orúkọ ìyàwó rẹ̀.

Odídẹrẹ́ ní, "Ẹ má sún mọ́ ọn jù. Akọ ni èyí. Bó bá ń ké báyìí, kì í ṣe pé nǹkan ń dùn ún. Bí wọ́n ṣe ń kọrin nìyẹn."

Ọmọ ìmàdò kan béèrè bóyá irú àwọn wọ̀nyí máa ń mọ ọmọ wọn. Odídẹrẹ́ ní àwọn àgbà kan sọ pé wọ́n mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n òun kò gbà á gbọ́.

Ọdẹ́bùnmi wà lórí pẹpẹ tó kẹ́yìn, okùn wà lọ́wọ́ rẹ̀, okùn wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Nígbà tó rí bàbá rẹ̀, ó na ọwọ́ tí wọ́n dè náà sí i. Ọdẹ́lẹ́yẹ ní òun ń fẹ́ ẹjọ́. Wọ́n mú un lọ sí ọ̀dọ̀ adájọ́ ìlú, Akika, ẹranko onípẹ́ tí í ká ara rẹ̀ bí òṣùká. Akika kò tilẹ̀ tú ara rẹ̀, inú òṣùká náà ló ti ń sọ̀rọ̀. Ó ní kí ẹtu rojọ́.

Ẹtu ní, "Ẹ̀yin ọdẹ ní òwe kan. Ẹ ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tó ro ìyà tó jẹ nínú igbó, bó bá pa ẹran, kò ní fún ẹnìkan jẹ. Èmi náà ti ro ìyà tèmi. Ọmọ mi ni ọmọ rẹ fi eyín tó kọ́kọ́ hù jẹ. Mo dúró lẹ́yìn ilé yín, mo gbọ́ tí ìyá rẹ̀ ń sọ pé, 'Jẹ ẹ́, ó rọ̀.'"

Ọdẹ́lẹ́yẹ kò sẹ́. Ó ní òun ṣe é, ó ní òun kọ́kọ́ rí ọmọ náà, bí májẹ̀mú ṣe wí ni òun ṣe. Ẹtu ní bẹ́ẹ̀ náà ni òun ṣe, bí májẹ̀mú ṣe wí.

Akika ní ẹjọ́ ti tán, ṣùgbọ́n nítorí pé Ọdẹ́lẹ́yẹ fi ẹsẹ̀ tí kò lawọ rìn wá, òun yóò pa àlọ́ kan fún un. Bó bá mọ̀ ọ́n, wọn yóò jẹ́ kó ra ọmọ rẹ̀ padà. Ó ní, "Kí ni ó rí ayé tán, tí kò rí ara rẹ̀?"

Ẹ gbọ́ bí ìgbéraga ṣe ń ṣe ọkùnrin. Nínú gbogbo ìyà yẹn, Ọdẹ́lẹ́yẹ rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní ṣé èyí tí ọmọ ọwọ́ mọ̀ ni wọ́n fẹ́ fi dẹ òun. Ó ní, "Ojú ni."

Akika ní, "O gbà á. Iye tí wọn yóò tà á fún ọ náà nìyẹn."

Igún ni wọ́n pè láti wá gba owó náà. Àwọn òǹwòran ti àwọn ọmọ wọn síwájú kí wọ́n lè rí i dáadáa. Igún mú ojú òsì. Ọdẹ́lẹ́yẹ kò ké, nítorí kò fẹ́ kí wọ́n ní ó ń kọrin. Wọ́n tú okùn ọwọ́ Ọdẹ́bùnmi. Ó ní kí wọ́n tú ti ẹsẹ̀. Akika ní wọ́n kì í ra ààbọ̀ ọmọ.

Nígbà náà ni Ọdẹ́lẹ́yẹ bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun wo ọmọ òun ná. Ẹtu ní kó wò ó, kó wò ó tó bí ọkọ òun ṣe wo òun kí ìbọn tó dún. Ìyẹn ni pé kò pẹ́ rárá. Ọdẹ́lẹ́yẹ fi ojú kan tó kù wo Ọdẹ́bùnmi. Ó rí i pé ó ti jọ ìyá rẹ̀ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó rí àpá iná ìdáná lọ́wọ́ rẹ̀, ó rí irun kan tó funfun níwájú orí rẹ̀, kò sì mọ ìgbà tó wà níbẹ̀.

Ó ní, "Bí èyí bá lọ, ìwọ ni ojú mi. Ṣé o ó dúró nílé?"

Ọdẹ́bùnmi ní, "N ó dúró, bàbá mi."

"O búra?"

"Mo búra."

Igún mú ojú ọ̀tún. Bí a bá ń sunkún, à ń ríran, ni àwọn àgbà wí. Ẹkún nìkan ló kù fún Ọdẹ́lẹ́yẹ.

Wọ́n tú u sílẹ̀ fún un. Ọdẹ́bùnmi di ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú, wọ́n ń jáde lọ. Ọdẹ́lẹ́yẹ kò lójú mọ́, síbẹ̀ òun ló ń fọ̀nà hàn, ó ń gbóòórùn igi, ó ń sọ pé kí wọ́n yà níbi ìrókò, kí wọ́n má yà níbi arère. Bí wọ́n ṣe ń kọjá lábẹ́ àwọn pẹpẹ, àwọn èrò ọkọ̀ ń pe Ọdẹ́bùnmi. Obìnrin oníkámẹ́rà ní kí ó jọ̀wọ́ kí ó sọ fún wọn nínú ọkọ̀ pé òun wà níbí. Ọdẹ́bùnmi kò gbé ojú sókè. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọ̀nà náà, ó ń rí ojú: ojú lára èèpo igi, ojú lábẹ́ ewé, ojú nínú ihò ilẹ̀, gbogbo wọn ń wò ó, kò sì sí èyí tó ń ṣẹ́jú. Kò sọ fún bàbá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ ilé fún un. Ó ní àjà ilé jò níbì kan, ṣùgbọ́n kò dé yàrá rẹ̀. Ó ní ìyá rẹ̀ gbin igi àgbálùmọ̀ kan, ó ti ń so báyìí, àwọn ẹyẹ ló ń jẹ ẹ́ tán.

Oòrùn ti ń rẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n yọ sí etí òkun. Oríyọmí jókòó sínú ọkọ̀ rẹ̀, ó ń retí èrò. Ó rí àwọn méjì péré tó jáde, ó rí ojú Ọdẹ́lẹ́yẹ, ó sì ṣí fìlà lórí.

Ọdẹ́bùnmi fi bàbá rẹ̀ jókòó sórí igi kan tí omi gbé wá. Ó ní, "Ẹ dúró dè mí níbí, bàbá mi. Ẹ jẹ́ kí n lọ kó ẹrù mi."

Ọdẹ́lẹ́yẹ ní kó má gbàgbé ohunkóhun sẹ́yìn. Ó gbọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ omi, ó gbọ́ tí ọkọ̀ kékeré ń lọ, ó sì jókòó, ó ń fi ọwọ́ nu iyanrìn kúrò lórí igi náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ọmọ náà lè rí ibi jókòó bó bá dé.

Nínú ọkọ̀, wọ́n bi Ọdẹ́bùnmi léèrè àwọn èrò yòókù. Ó ní igbó dùn mọ́ wọn, wọ́n ní àwọn kò tíì wò ó tẹ́rùn. Àwọn aláṣẹ ní kò burú, ìlànà ọkọ̀ kò yí padà. Wọ́n fa àkàbà sókè.

Oríyọmí padà dé. Ọdẹ́lẹ́yẹ dìde, ó béèrè bóyá ẹrù náà wúwo, kí òun wá bá a gbé e. Oríyọmí so ọkọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa okùn náà le ju bó ṣe yẹ lọ.

Ó ní, "Bàbá ọdẹ, kò sí ẹrù. Ó ti gun òkè lọ. Ó ní kí n sọ fún yín pé òun kò lè gbé ibi tí wọ́n ti rí òun."

Ọdẹ́lẹ́yẹ tún fi ọwọ́ nu orí igi náà. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ṣé ó ń wo ibí?"

Oríyọmí wo ọkọ̀ ńlá náà láti òkè dé ìdí. Iná ti ń tàn lójú fèrèsé rẹ̀, orin ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní, "Kò sí ẹnikẹ́ni tó ń wo ibí."

Ọkọ̀ náà fọn fèrè. Ìró rẹ̀ gba orí omi kọjá, ó lọ lu ara igbó, igbó sì dá a padà kíkankíkan ju bó ṣe dún lọ. Ọdẹ́lẹ́yẹ yí sí ibi tó ti gbọ́ ọ. Ó na apá rẹ̀ sókè, ó ń juwọ́ sí ọmọ rẹ̀, ó ń jù ú, ó ń jù ú.

Igbó ló kọjú sí. Oríyọmí rí i, ó gbé àjẹ̀ rẹ̀ lé èjìká, ó sì gba ilé lọ.